Fíìmù Tó Ń Fẹ́ Ènìyàn Méje

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga fi ìdí lé kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nítorí ó gùn, mo sì mọ̀ ọ́ sí ẹni tí ń kàwé bó ti ń rìn lọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo kí ọ kú àìsùn lórí àwọn aláìsàn, mo sì kí ọ kú ilé tó dákẹ́ tí ò ń padà sí bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ní ṣàì ṣọ́ ìwọ náà. Àìsàn tí ò ń bá wọn lé lọ kò ní yà sí ọ lára, ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní yẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun náà ṣe àmín, ó jókòó tì mí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń yọjú wo ìwé bóyá mo kọ àmín òun síbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti kọ ọ́.

Gbogbo ilé wà lálàáfíà. Orúnkún mi kò burú ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, Bàbá Bíríkìlà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ti bá wa dí i, ó kàn jẹ́ pé ojú ibòmíràn ló ń jò báyìí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ọmọ méjì, méjèèjì ló yè, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ apá kan lára ṣòkòtò mi tí a sá sórí okùn, èyí tó kù ni mo wọ̀ tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Ọmọ rẹ àgbà ṣe ipò kejì nínú kíláàsì rẹ̀. Akọ̀wé ni gbogbo wa ń pè é báyìí, nítorí òun ló ń bá mi ka ohunkóhun tí lẹ́tà rẹ̀ bá kéré ju ojú mi lọ. Ẹni tó gba ipò kìíní, ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni, n kò sọ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ń jẹun dáadáa, ó sì ti ga. Ọ̀gá Kékeré tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ náà la ṣì ń pè é, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì mú mi kọ ìwé yìí.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mo ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ ọkọ rẹ, o máa ń ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, ó sì máa ń dára padà bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ní kí Akọ̀wé ṣàlàyé fún mi irú nẹ́tíwọ̀kì tó mọ orúkọ ènìyàn, ó wolẹ̀. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ̀kì, ohun tí mo bá kọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí o fi máa kà á tán.

Nígbà tí o kó àwọn ọmọ wá bá wa lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ rẹ, tí o sì padà lọ ní ọjọ́ kẹta, o gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ yẹn mọ́ ẹrù wọn. O fi ibi tí wọ́n ti ń fi dátà wo fíìmù hàn mí, o ní ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, rere wà níbẹ̀, búburú náà wà níbẹ̀, pé kí n máa bá ọ ṣa èyí tó dára fún àwọn ọmọ, kí n má jẹ́ kí wọ́n wo ìwòkuwò. Ọmọ mi, o kò tíì rán mi níṣẹ́ kan rí tó bá mi lára mu tó èyí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tó wọlé láìkọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi: orúkọ, ibi tó ti ń bọ̀, ẹni tó wá rí, àkókò tó wọlé, àkókò tó jáde. Ìwé kan ṣì kù lọ́wọ́ mi tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo fa ìlà sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé ẹ̀kọ́, èmi á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, nítorí n kì í fi síńgílẹ́ẹ̀tì gba àlejò, èmi á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi á sì wo gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ fi hàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adìyẹ kan wá tó ń ṣe búrẹ́dì tà. Ó wọlé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kí àwọn oníbàárà rẹ̀, kò pariwo, nígbà tí búrẹ́dì sì jóná, ó jẹ́wọ́ pé òun ló sùn lọ, kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ pé kó máa wọlé. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan wá tí wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú tiwọn. Gbogbo àgbà inú eré wọn ló gọ̀, ìyá wọn ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń yí ojú sókè, àwọn ènìyàn kan tí n kò rí sì ń fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ògiri. Mo dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yí tẹlifíṣọ̀n náà po láti mọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí wọn. Òmíràn tún wá, àwòrán ibẹ̀ ń yí kíákíá, kò sí èyí tó dúró kí ènìyàn rí ojú rẹ̀, orin ń dún, àwọ̀ ń tàn, nígbà tó sì parí, n kò rántí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan tí kò sọ ohun tó bá wá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un.

Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí n fo ìbẹ̀rẹ̀. N kì í fò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, èmi tí mo ti ní kí gbogbo ayé kọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kò yẹ kí wọ́n kọ ọ́ tán kí n wá ní kí wọ́n kọjá. Bí mo bá sì jókòó pẹ́, ẹ̀rọ náà a dá dúró, a bi mí bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi, ní gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu géètì yẹn, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, kò sí ọ̀gá kan tó rán ẹnikẹ́ni wá bi mí bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń dáhùn pé mo wà, ẹ ṣeun, kí n tó tẹ bọ́tìnnì.

Ohun tó fún mi ní iṣẹ́ jù ni nọ́ńbà. Ní igun fíìmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà kan pẹ̀lú àmì àròpọ̀. Ti òmíràn, méje. Ti òmíràn, mẹ́tàlá. Ti àwọn kan, méjìdínlógún. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, tí wọ́n kọ iye ènìyàn tí ibẹ̀ gbà, ìdí nìyẹn tí n kò fi béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè wo fíìmù náà ni, àmì àròpọ̀ sì ń sọ pé bí a bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò burú. Ti ènìyàn mẹ́tàlá, pálọ̀ wa kò gbà á. Ti ènìyàn méjìdínlógún, mo wo àwòrán ìta rẹ̀, ìbọn ni àti obìnrin tí kò wọṣọ tán, mo ní àbájọ, irú nǹkan báyìí, ó yẹ kí èrò pọ̀ níbẹ̀ kí ojú ara wọn lè máa tì wọ́n. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára pé ti gbogbo ènìyàn ni. Ìyẹn dùn mí, nítorí àwòrán tiwọn ló dára jù, ṣùgbọ́n níbo ni n ó ti rí gbogbo ènìyàn? Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kó yá wa ní gbọ̀ngàn, ó ní òun máa rò ó. Ó ti ń rò ó láti oṣù mẹ́ta.

Ti ènìyàn méje ni apá wa ká. Èmi, ìyá rẹ, Akọ̀wé àti Ọ̀gá Kékeré, a di mẹ́rin. Mo lọ pe Ìyá Télọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, ó ní òun ń bọ̀ bí a bá lè gbà kí òun máa rán bọ́tìnnì lọ́wọ́. Mo pe Bàbá Bíríkìlà. Mo pe Tísà tó háyà yàrá ẹ̀yìn wa. A di méje géérégé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé, èmi á kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, èmi á kọ wọ́n sínú ìwé, a ó sì tẹ̀ ẹ́. Bàbá Bíríkìlà máa ń sùn kí orin ìbẹ̀rẹ̀ tó tán. Mo bi Akọ̀wé bóyá ẹni tó sùn ṣì wà lára iye, ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí. Bí fíìmù bá parí, ìgbà yẹn ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Télọ̀ ní ẹni tó gé épírọ́ọ̀nù fún adìyẹ yẹn kò kọ́ṣẹ́. Bàbá Bíríkìlà a jí, a ní ilé tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀. Tísà a bi àwọn ọmọ pé ká ní àwọn ni adìyẹ, ṣé wọn ì bá jẹ́wọ́, Akọ̀wé a sì rò ó jinlẹ̀ kó tó ní ó sinmi lórí iye búrẹ́dì tó jóná. Ariwo a gba ilé kan. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ohun tí a sọ lẹ́yìn fíìmù ló ń kọ́ ọmọ ju fíìmù náà lọ.

Nínú gbogbo ariwo yìí, Ọ̀gá Kékeré kì í sọ nǹkan kan. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, orí ló fi ń dáni lóhùn, a gbé orí sókè, a gbé orí sílẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ti fi gbogbo oúnjẹ tó mọ̀ ọ́n sè bẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́jọ, ọmọ mi, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ ohùn ewúrẹ́ nínú ilé yìí tí n kò gbọ́ ti ọmọ rẹ. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe sọ fún ọ lórí fóònù lọ.

Mo wá ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè ta ni ń wò, yóò sì fi àwọn ojú hàn wá kí á mú ọ̀kan. Tìrẹ wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ wà níbẹ̀, kìnnìún tó wọ jígí sì wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Kékeré máa ń wò. Ìgbà tí a bá ti kọjá ibẹ̀, yóò yí ojú rẹ̀ sí ògiri títí fíìmù fi máa parí. Ní ọjọ́ kan, àṣìṣe ọwọ́ mú mi tẹ kìnnìún yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni fíìmù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ru ẹrù, ìlà pupa kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò dé òpin. Ọ̀gá Kékeré fò dìde, ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó pa á.

Akọ̀wé ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí àbúrò rẹ̀ sùn lọ́sàn-án. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú, ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá wọn jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ti wo ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì kí ibi iṣẹ́ tó pè é pé wáyà iná já lórí òpó. Ó dá fíìmù dúró. Ó ní kí Ọ̀gá Kékeré ṣọ́ ọ, pé òun ni ọ̀gá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí òun yóò fi dé. Ohun tó tẹ̀lé e, o mọ̀ ọ́n, n kò ní kọ ọ́. Mo bi Akọ̀wé pé ènìyàn mélòó ni wọ́n lọ́jọ́ náà, ó ní mẹ́ta, mo sì ń rò ó lọ pé bóyá àìpé wọn ló fà á. Ìyá rẹ ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́, pé ikú kì í ka orí ènìyàn kó tó wọlé, àti pé bí o bá wà nílé lọ́jọ́ náà, wáyà yẹn ì bá já náà ni. Ó ní kí n kọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí sí ọ dáadáa kó hàn. Mo sì ti kọ ọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí yé mi, ó yé mi ju bó ṣe yé olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Kékeré kò ṣàìsàn. Ẹnu iṣẹ́ ló wà. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá ní kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀gá yóò fi dé, tí ọ̀gá kò sì dé, ebi lè máa pa ọ́, òjò lè máa rọ̀, o kò ní kúrò. Aládùúgbò kò lè ní kí o máa lọ sílé, bàbá àgbà kò lè sọ ọ́. Àfi ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ti ẹni tó fi ọ́ síbẹ̀.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, o sọ fún Akọ̀wé lórí fóònù pé o fẹ́ yọ orúkọ bàbá wọn kúrò lórí ẹ̀rọ, pé ojú rẹ kò gbà á mọ́ bó bá ti ń yọ. N kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Kékeré wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé rìmóòtù sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, ọjọ́ mẹ́ta la fi wà láìwo nǹkan kan kó tó gbà ká máa lò ó lọ́sàn-án, n kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí n kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Ó wá ku èmi àti ìwé mi. N kò jẹ́ kí àlejò wọlé tọ àwọn ọmọ lọ láìjẹ́ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo bá sì wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn, ìlà pupa yóò kúrò níbi tí ọkọ rẹ fi í sí. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri fún ọ̀sẹ̀ kan. Akọ̀wé ló ní kò le, ó dá orúkọ tèmi sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní ìlà tèmi yóò lọ lọ́tọ̀, ti bàbá òun yóò dúró. Ojú ajá tó dé fìlà ló fún mi. Ó ní àwọn tó kù kò bá iṣẹ́ mi mu. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́rú, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, mo wò ó tán. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà àti ọmọ rẹ̀ ń ru ẹrù lọ, wọ́n dé odò, bàbá ní kí ọmọ dúró sí bèbè, kó má ṣípò padà títí òun yóò fi wọn omi náà wò. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. N kò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Bàbá kò jáde. Ọmọ náà dúró. Àwọn arìnrìn-àjò ń kọjá, wọ́n ń pè é pé kó máa bọ̀, kò lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀, ọmọ mi, wọn kò sáré níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, tiro sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó dúró ti ọmọ náà, òun náà wo omi títí, ó wá sọ fún un pé ìdúró ti tó, òun lòun sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ibi tí omi ò ti jìn kọjá. N kò fi tèmi kún un, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, o lè bi ìyá rẹ, nítorí ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Mo lọ dúró sọ́dọ̀ ewúrẹ́ títí ojú mi fi gbẹ, mo sì padà wá kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́ pé ó yẹ ọmọdé, kò yẹ ọmọdé tó dá wà. Mo tún fi kún un pé kò yẹ ìyá tó dá wà, nítorí náà, má lọ wò ó fúnra rẹ nínú ilé yẹn.

Ní báyìí, wọ́n ti gbé Tísà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. A ku mẹ́fà. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń múra láti lọ pe ẹni tó ń tún bàtà ṣe kó wá dí àyè rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré dìde, ó wọ yàrá, ó gbé súwẹ́tà aláwọ̀ sánmà rẹ tí o gbàgbé síbí jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àga Tísà, ó fi ọwọ́ nà án dáadáa. Ó ní àga yẹn ní ẹni tó ni ín. Mo dúró. Mo bi í ní pẹ̀lẹ́ pé ta ni. Ó ní Mọ́mì ni. Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Bàbá Bíríkìlà, tí kò tíì sùn lọ́jọ́ náà, ṣí fìlà. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ kejì ni Akọ̀wé tọ̀ mí wá nídìí ewúrẹ́, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ bíi ti adìyẹ. Ó ní nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ènìyàn, ọjọ́ orí ọmọ ni, pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní lẹ́yìn tí bàbá wọn lọ, ilé yín ní ìlú ńlá dákẹ́ jù, àti pé ibí yìí, bí òun bá sọ fún mi, àwọn èrò kò ní wá mọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀, pàápàá nítorí àga tí mo ń gbé kiri pẹ̀lú orúnkún yìí. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó, n kò sì yí òfin padà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni, a jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ gbà pé bí ọmọ bá ti pé ọdún méje, ó lè dá jókòó ti àlejò. Èmi tí mo ṣọ́ géètì, ọmọ ọdún méje kò wọlé níṣojú mi rí láìjẹ́ pé mo béèrè ta ló mú un wá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nínú ilé tèmi, ènìyàn méje náà ni.

Ṣùgbọ́n wò ó, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá Kékeré yóò pé ọdún méje, ọjọ́ Sátidé ló sì bọ́ sí. Bó bá jẹ́ ọdún ni wọ́n ń kà, yóò pé. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, a jẹ́ mẹ́fà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò pọ̀. Má tíì yọ orúkọ ọkọ rẹ. Tọrọ àyè níbi iṣẹ́, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ní kí o wá, kí o wá jókòó sórí súwẹ́tà rẹ, kí ìwọ fúnra rẹ tẹ kìnnìún yẹn, kí a wò ó láti ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Bó bá parí, kí o sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pé, ó ti ṣe é dáadáa, kó máa sinmi. N kò lè bá ọ sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ yọ orúkọ náà lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ jọ yọ ọ́.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà, nítorí adìyẹ yẹn ń jẹ ẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, kí o sì fi díẹ̀ kún un kí káfíńtà lè tún ẹsẹ̀ àga Bàbá Bíríkìlà ṣe kó tó sùn ṣubú. Ìyá rẹ ní kí n fi ṣòkòtò mi kún un. Ṣùgbọ́n bí owó yìí àti owó ọkọ̀ rẹ kò bá lè jọ wà, fi gbogbo rẹ̀ wọkọ̀. Ìyá Télọ̀ ní òun lè fi fóònù òun fún tẹlifíṣọ̀n ní dátà lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ láti ẹnu iṣẹ́ rẹ dé ẹnu ọ̀nà wa. O kò ní pàdé aburú lọ́nà, ilé kò ní dá ọ lẹ́rù bí o bá padà sí i. Ohun tí o pàdánù, n kò lè gbàdúrà kó padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù fún ọ, yóò máa pè ọ́, ìwọ náà yóò sì máa dá a lóhùn. Ìyá rẹ ti ṣe àmín kí n tó kọ ọ́ tán.

Mo ti fa ìlà ọjọ́ náà sínú ìwé mi sílẹ̀. Orúkọ rẹ, mo ti kọ ọ́. Ibi tí o ti ń bọ̀, mo ti kọ ọ́. Ẹni tí o wá rí, Ọ̀gá Kékeré ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Àkókò tí o wọlé ló ṣófo.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì wà níbẹ̀.